Mo Gba Ìṣákọ́lẹ̀ Lọ́wọ́ Ẹni Tó Ni Ilẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó bú mi. Mo mọ̀ pé èébú wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń bú ara mi, ẹ̀yin náà ẹ ní sùúrù kí ó kàn yín.

Mo sún ààlà oko bàbá wa. Mo fi gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àbúrò mi obìnrin, mo sì jẹ́ kí ó wá kúnlẹ̀ bẹ̀ mí kí n tó gbà á láyè láti dáko lórí ohun tó jẹ́ tirẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ̀. Àwọn ọmọ tí mo bí gan-an kò mọ̀.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí ni pé ní ọjọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, katapílà ń bọ̀ wá gbẹ́ ilẹ̀ náà. Bí wọ́n bá ti gbẹ́ ẹ, ó ti parí nìyẹn. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Tèmi ò tíì pé ogún, ṣùgbọ́n mo ti ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn mi.

Àgbẹ̀ ni bàbá wa. Èjìgbò ni ilé wa, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn ni oko rẹ̀ wà. Iṣu àti ẹ̀gẹ́ ló ń gbìn, ó sì ní kajú díẹ̀. Ìyàwó méjì ló fẹ́. Ìyá mi ni ìyálé, àwa mẹ́ta ló bí. Èmi ni àkọ́bí. Kàmọ́rù ló tẹ̀ lé mi, òun ló lọ sí Àbíjàn. Àbúrò wa ọkùnrin tó kéré jù wà ní Ìbàdàn. Ìyàwó kejì bí ọmọ kan ṣoṣo, obìnrin ni. Ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní Àṣàbí. Mo ti yí orúkọ padà, torí pé ayé kò tóbi tó bí a ṣe rò.

Oko náà kan odò. Létí odò yẹn, akùrọ̀ kan wà níbẹ̀, ilẹ̀ tútù tí ata àti ẹ̀fọ́ ń ṣe nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí gbogbo ilẹ̀ òkè bá ti gbẹ bí àkàrà àná. Ẹni tó bá ní akùrọ̀ ní oṣù Ṣẹẹrẹ, ẹ̀yin náà mọ̀ pé olówó ni. Igbó ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ o. Koríko ibẹ̀ ga ju ènìyàn lọ, ejò sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ìyá Àṣàbí ló fi ọkọ́ àti ọwọ́ ara rẹ̀ là á nígbà tó dé ilé wa ní ìyàwó. Ìyá mi kì í débẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ó wá já ẹ̀fọ́, á ní òun kì í jẹ ẹ̀fọ́ tó mu omi jù.

Àwọn ìyá wa méjèèjì ti kú kí Bàbá tó kú. Bàbá ti rí ilé tó tú ká nítorí ilẹ̀, ó ní ti òun kò ní rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ìdí-igi ni kí a fi pín oko òun, ìdajì fún ìdí ìyá mi, ìdajì fún ìdí ìyá Àṣàbí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní kí n gé pèrègún méje tẹ̀ lé òun lọ sóko. Ó ń fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀, èmi ń gbẹ́ ihò, ó ń ki pèrègún bọ̀ ọ́. Láti ẹ̀bá ọ̀nà títí dé odò, a gbìn ín gbọnrangandan. Nígbà tí a dé etí odò, mo rí i pé ó fi akùrọ̀ náà sí apá ti Àṣàbí, gbogbo rẹ̀ pátá.

Mo wo ojú rẹ̀. Ó ní, "Ìyá rẹ̀ ló là á. Ọmọ rẹ̀ ló ni ín. Ìwọ lo dàgbà jù, bí mo bá kú, ìwọ ni kí o fi ààlà yìí hàn wọ́n."

Mo ní, "Ẹ ó pẹ́ láyé, Bàbá." Bí mo ṣe dá a lóhùn nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kíyè sí i pé n kò sọ pé mo ti gbọ́.

Ọdún kan lẹ́yìn náà, rọpárọsẹ̀ kọ lu Bàbá. Ìgbà yẹn ni èmi náà kó kúrò nílé ọkọ pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin, ohun tó lé mi kúrò níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tòní. Mo padà sílé bàbá mi lọ́wọ́ òfìfo. Èmi ni mo ń gbé Bàbá dìde. Èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́, tí mo ń fún un lóúnjẹ, tí mo ń fọ aṣọ tó bá dọ̀tí sí. Ọdún mẹ́ta gbáko. Àṣàbí wà nílé ọkọ rẹ̀ ní Masifá, á wá ní ọjọ́ Jímọ̀ pẹ̀lú ọsàn, á jókòó ti Bàbá, á sunkún díẹ̀, á sì padà sílé kí oòrùn tó wọ̀. Bàbá á máa rẹ́rìn-ín músẹ́ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Kò rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi rí nígbà tí mo bá ń pa aṣọ rẹ̀ dà.

N kò fi ìyẹn ṣe àwáwí. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ irú inú tí mo wà ni. Lójú mi, àwa mẹ́ta máa pín ìdajì, Àṣàbí nìkan á jókòó ti ìdajì, yóò tún mú akùrọ̀ lé e. Mo ń sọ ọ́ sínú ara mi bí mo bá ń fọ aṣọ, títí ó fi wá rí bí òdodo létí mi.

Bàbá kú ní ìgbà òjò. Lẹ́yìn fídáù ọjọ́ kẹjọ, àwọn àgbà ẹbí ní àwọn ń bọ̀ wá wo oko ní ọjọ́ Àìkú. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú, nígbà tí gbogbo ọkùnrin ilé ti lọ kírun, mo gbé ọkọ́ àti àdá, mo gun ọ̀kadà lọ sóko.

Pèrègún mẹ́ta tó wà nísàlẹ̀ lọ́nà odò ni mo sún. Mo ka ogójì ìgbésẹ̀ wọ inú ilẹ̀ Àṣàbí, títí gbogbo akùrọ̀ fi bọ́ sí apá tiwa. Ilẹ̀ rọ̀, méjì tu tigbòǹgbò tigbòǹgbò bí ẹni pé wọ́n ti ń retí mi. Ẹ̀kẹta kọ̀. Mo fà á, mo gbẹ́ ẹ, kò tu. Nígbà tó yá mo fi àdá gé e, mo gbin èyí tí mo gé, mo sì fi ilẹ̀ bo kùkùté rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo ro ìdí gbogbo méjèèje, kí gbogbo wọn lè rí bákan náà. Nígbà tí àwọn àgbà dé ní ọjọ́ Àìkú, wọ́n tilẹ̀ yìn mí. Wọ́n ní ọmọ gidi ni mí, mo tọ́jú ààlà bàbá mi.

Àbúrò bàbá wa ni baálé ilé nígbà náà. Ojú rẹ̀ ń ríran dáadáa fún àgbàlagbà. Ó dúró, ó na ọ̀pá sí ibi tí mo ti sún un. Ó ní, "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tí ààlà yìí fi wọ́ níbí? Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe ohun wíwọ́."

Mo yára wò yíká. Ọ̀gán kan wà nítòsí ibẹ̀, ilé ikán ńlá. Gbogbo ẹbí ló mọ̀ pé Bàbá kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọkọ́ kan ọ̀gán. Á ní ikán náà ní ìyàwó àti ọmọ, a kì í ba ilé onílé jẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ló bọ́ sí mi lẹ́nu. Mo ní, "Bàbá wa ní àwọn ò fẹ́ kí ààlà gun orí ọ̀gán, ni wọ́n ṣe yà á."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, ìwà rẹ̀ náà nìyẹn. Ọ̀kan nínú wọn tún sunkún pé Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a rí irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ tì. Ìwà rere bàbá mi ni mo fi ja ọmọ rẹ̀ lólè. Ẹ jọ̀ọ́, nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, èyí ló dùn mí jù.

Baálé wá yíjú sí Àṣàbí, ó bi í pé ṣé ohun tó mọ̀ náà nìyí. Bí ó bá ní rárá, mo rò pé màá sọ òótọ́. Mo rò bẹ́ẹ̀ o, n kò búra. Àṣàbí ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, èmi ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbìn ín. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá ti ní ibẹ̀ ni, ibẹ̀ náà ni. Àwọn ni wọ́n tọ́jú Bàbá wa."

Bí a ṣe pín in tán nìyẹn. Wọ́n ṣàdúà, a ṣe àmín, a jẹun.

Ọdún méjì ni mo fi dá akùrọ̀ náà. Ata ibẹ̀ ni mo fi rán àwọn ọmọ mi lọ síléèwé, n kò lè purọ́. Lẹ́yìn náà ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré sínú ìlú, mo fi akùrọ̀ sílẹ̀ fún koríko. N kò lò ó mọ́. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wá ṣe.

Bíríkìlà ni ọkọ Àṣàbí. Ó já bọ́ láti orí ilé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò tọ́ mọ́ títí dòní. Ilẹ̀ òkè tó kan Àṣàbí, òkúta wẹ́wẹ́ ló kún inú rẹ̀, ẹ̀gẹ́ nìkan ló ń gbà, ẹ̀gẹ́ náà kò sì tóbi ju ọwọ́ ọmọdé lọ. Àṣàbí wá bá mi. Ó mú obì dání, ó kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi lójú àwọn oníbàárà, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n ya òun ní ibi kékeré nínú akùrọ̀, kí òun lè máa gbin ẹ̀fọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Mo ní kí ó jẹ́ kí n rò ó. Ilẹ̀ tí n kò lò! Mo jẹ́ kí ó padà lọ sí Masifá, mo sì jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí n tó ránṣẹ́ sí i. Mo fẹ́ kí ó dà bí ẹni pé ilẹ̀ mi ni, torí pé ẹni tó nilẹ̀ kì í tètè dáhùn. Nígbà tó gbọ́ pé mo gbà, ó dúpẹ́ títí tó fi sunkún.

Láti ọdún yẹn ni ó ti ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún mi. N kò béèrè rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ní òun mọ ẹ̀tọ́ onílẹ̀, pé ọmọ bàbá kan náà ni wá lóòótọ́, àmọ́ ilẹ̀ ti pín. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn kọ̀ọ̀kan, apẹ̀rẹ̀ ata àkọ́so àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àkọ́já, tèmi ni. Ọdún mẹ́sàn-án. Mo ń gbà á. Mo ń fi se ọbẹ̀. Àwọn ọmọ mi á ní ata Àǹtí Àṣàbí ló máa ń dùn jù.

Kùkùté tí mo bò mọ́lẹ̀ yẹn kò sì kú. Ẹni tó bá mọ pèrègún mọ̀ pé kì í fẹ́ kú. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, á yọ ewé jáde ní ibi tí Bàbá gbìn ín sí, ní ọ̀ọ́kán tààrà pẹ̀lú àwọn mẹ́rin tó wà lókè. Ọdọọdún ni mo ń lọ bẹ́ ẹ. Màá ní mo fẹ́ lọ wo kajú. Obìnrin tí ẹ̀yìn ń dùn, tí kò lè bẹ̀rẹ̀ gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, á gun ọ̀kadà lọ sóko lọ bẹ́ ewé mẹ́ta. Lọ́dún kan, Àṣàbí bá mi níbẹ̀. Ó gba àdá lọ́wọ́ mi, ó ní kí n sinmi, ó sì bá mi bẹ́ ẹ.

Kàmọ́rù padà dé láti Àbíjàn lọ́dún tó kọjá. Nǹkan kò rọgbọ fún un lọ́hùn-ún mọ́. Ó ní òun kò lọ mọ́, òun fẹ́ sin ẹja, ó sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Akùrọ̀ yẹn ló wù ú. Ibẹ̀ ni omi wà, ibẹ̀ ló fẹ́ gbẹ́ adágún mẹ́rin sí. Kì í ṣe ènìyàn burúkú o, ẹ má bínú sí i. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó ń bẹ̀rẹ̀ ayé lákọ̀tun, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyí tí mo rí i tí ojú rẹ̀ tún mọ́lẹ̀. Ó fi ọ̀wọ̀ sọ fún Àṣàbí pé kí ó kórè ohun tó bá wà nílẹ̀, kí ó sì yẹ̀ fún òun.

Àṣàbí kò janpata. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ ata wá, ó ní èyí tó kẹ́yìn nìyí. Ó ti dàgbà, orúnkún ti ń dùn ún, síbẹ̀ ó kúnlẹ̀. Mo ní, "Dìde, Àṣàbí, dìde." Kò dìde.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun. Ilẹ̀ yín ló bọ́ ọkọ mi àti àwọn ọmọ mi. Bí ẹ ṣe fún mi ní ilẹ̀ yín, Ọlọ́run ò ní gba ilẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́ yín jẹ, Ọlọ́run ò ní gbà fún un."

Ó dúró kí n ṣe àmín. N kò lè ṣe é. Ó gbójú sókè wò mí, ó rò pé ara mi kò yá ni, ó lọ bu omi wá fún mi. Mo bi í pé kí ni yóò wá máa ṣe báyìí. Ó ní òun yóò máa bá àwọn ènìyàn ṣa kajú, òun yóò máa bá wọn bó ẹ̀gẹ́, pé Ọlọ́run kì í sùn.

Mo dán an wò pẹ̀lú Kàmọ́rù. Mo ní, "Bí akùrọ̀ yẹn bá wá jẹ́ ti Àṣàbí ńkọ́?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ mú àwọn àgbà rin ààlà náà. *C'est fini*, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn ti parí." Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ júwe ibi tí omi máa gbà wọlé àti ibi tí yóò gbà jáde fún mi. 

Baálé tó pín ilẹ̀ fún wa ti kú. Ẹnu mi ló gbé ààlà lọ, ẹnu mi nìkan náà ló kù tó lè dá a padà. Bí mo bá sọ ọ́, àwọn àbúrò mi ọkùnrin á sọ pé mo tà wọ́n. Àwọn ọmọ mi á mọ irú owó tó rán wọn níléèwé. Nínú ẹbí, wọn ò ní fi mí pe àgbà mọ́. Gbogbo ìyẹn tọ́ sí mi, mo ti gbà á. Ní àárọ̀ Sátidé, kí katapílà tó dé, gbogbo ẹbí máa pé jọ sóko láti ṣàdúà sí iṣẹ́ Kàmọ́rù. Mo ti pinnu pé ibẹ̀ ni màá ti sọ ọ́.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rò ó bí ọmọ ìyá yín. Ṣé kí n kọ́kọ́ lọ sí Masifá lọ sọ fún Àṣàbí, ká jọ jókòó, kí n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ lójúkojú? Àbí kí n jẹ́ kí ó gbọ́ ọ láàárín gbogbo ẹbí, kí ó bá ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀ bí àlejò? Ẹni tí mo kó nǹkan rẹ̀ ló yẹ kí ó kọ́kọ́ gbọ́, èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ Àṣàbí. Bí mo bá sọ fún òun nìkan, yóò gbé mi dìde nílẹ̀, yóò ní òun ti dárí jì mí, yóò sì bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ kí ojú má baà tì mí.

Ẹ gbà mí o. Ẹ̀rù ń bà mí pé màá gbà fún un.